Ta ló rántí Omagbemi?

Inú ń bí mi o, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síta. Bàbá kan là á mọ́lẹ̀ nílé ìwòran bọ́ọ̀lù pé obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì nínú bọ́ọ̀lù ò lè di akọ́nimọ̀ọ́gbá gidi, pé òyìnbó ló yẹ Super Falcons, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà. Mo ní ta ló kó wọn lọ gba Ife Áfíríkà àwọn obìnrin ní Cameroon lọ́dún 2016? Ó ní Thomas Dennerby, òyìnbó kan. Dennerby kẹ̀! Ẹni tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ iṣẹ́ náà nígbà yẹn rárá.

Florence Omagbemi ni. Balógun Falcons tẹ́lẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tó lọ Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ ní China, 1991. Ní Yaoundé, èrò Cameroon kún pápá fọ́fọ́, ariwo ń sọ lálá. Ó ku díẹ̀ kí eré parí ni Desire Oparanozie gbá góòlù kan ṣoṣo sáwọ̀n. Bí a ṣe gbé ife nìyẹn. Kí ló tẹ̀ lé e? Owó ìmóríyá ò jáde. Àwọn ọmọ náà kọ̀, wọn ò kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì l'Ábùjá, wọ́n gbé pátákó lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́jọ́ tí Buhari ń gbé ìṣúná lọ. Omagbemi fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún àdéhùn rẹ̀ ṣe. Nígbà tó di 2018, wọ́n lọ mú Dennerby wá láti Sweden.

Ẹ wá wo South Africa. Desiree Ellis, balógun Banyana Banyana àtijọ́, adelé ló jẹ́ níbi ìdíje 2016 yẹn, ipò kẹrin ló sì ṣe. Wọn ò lé e. Ní 2018, àwa náà la fi gbe-sílẹ̀-gbá-a-sílé gba ife mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Accra, ní Ghana. Wọn ò tún lé e. Ní 2022 ó gba ife ní Morocco, àwa la wá ṣe ipò kẹrin!

Ẹ máa ní ṣebí Dennerby náà ló gba ife 2018 yẹn fún wa. Ó gbà á, ta ló jiyàn?

Ti Justine Madugu, tó kó Falcons lọ ìdíje 2025, ló rú mi lójú díẹ̀. Ọkùnrin ni, ọmọ ilẹ̀ yìí ni. Ní 2025 ó na Ellis 2-1, Morocco tún fi 2-0 ṣáájú wa ní Rabat, a yí i padà sí 3-2. Nítorí náà, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé àfi obìnrin. Àmọ́ igbákejì Randy Waldrum, akọ́nimọ̀ọ́gbá Falcons tẹ́lẹ̀, ni Madugu kó tó dépò, bí Ellis náà ṣe jẹ́ igbákejì Vera Pauw tó kọ́ Banyana ṣáájú rẹ̀. Ilé ni wọ́n ti mọ̀ wọ́n.

Eucharia Uche wá ńkọ́? Òun náà ti gbá bọ́ọ̀lù fún Falcons, ó kó wọn gba ife ní 2010. Nígbà tí a kùnà láti lọ Òlíḿpíìkì 2012, wọ́n yọ ọ́. Ṣé wọ́n ṣàṣejù ni, àbí ó tọ́? Ibẹ̀ yẹn, èmi náà ò tíì mọ èyí tí n bá dì mú.