Ta ní ń gbé pọ́ńdò wá sí Kàbà?

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Inú ti ń bí mi láti ìgbà ọdún Àjíǹde, mo sì ti gbé e mì tó. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Lẹ́kí, ní Áílàńdì l'Ékòó, kó ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ wálé sí Kàbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Inú mi dùn débi pé mo ti gbá yàrá, mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó kúrò ní Èkó. Nígbà tí wọ́n ń já ẹrù, mo rí kúlà tí ìrẹsì díndín kún inú rẹ̀, mo rí páálí omi, mo rí ẹja yíyan tí wọ́n fi bébà wé. Mo ní kò burú, ọ̀nà jìn, ebi á máa pa ọmọdé. Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ fa àpò pọ́ńdò jáde ni ara mi bù máṣọ.

Pọ́ńdò! Wọ́n gbé ìyẹ̀fun iṣu láti Lẹ́kí, wọ́n gbé e gba Ìbàdàn, wọ́n gbé e gba Àkúrẹ́, ó gba Ọ̀wọ̀, ó gba Ìkàrẹ́, wọ́n gbé e wọ Kàbà, níbi tí wọ́n ti ń to iṣu jọ sí ẹ̀gbẹ́ títì tí ẹni tó máa rà á kò tó. Mo bi í léèrè. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì. A ò mọ̀ bóyá a máa ríbi jẹun ni."

Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ló gbé mi dé ibí.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Áílàńdì ń wálé bí ẹni tó ń san gbèsè. Òkú ni, ìgbéyàwó ni, Kérésì ni, ọjọ́ ìlú ni. Wọ́n á dé, wọ́n á jókòó sí ọgbà bàbá wọn, wọ́n á jẹ ohun tí wọ́n gbé wá, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á padà. Kò sí ẹni tó ń wálé nítorí pé ó fẹ́ gbádùn ara rẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ gbádùn, etí òkun ni wọ́n ń lọ, Gánà ni, Dùbáì ni. Ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n gun òkè kẹ́yìn nílùú bàbá wọn, kí ẹ wo ojú wọn.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ nítorí mo ti lọ sọ́dọ̀ wọn rí, wọ́n sì tọ́jú mi. Tí Sátidé bá ti dé, wọn kì í jókòó sílé. Wọ́n mú mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay, torí omi ni wọ́n ń gbà débẹ̀. Wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì fún mi, mo di ọwọ́ ìyàwó àbúrò mi mú gírígírí títí a fi gúnlẹ̀. Wọ́n tún mú mi lọ sí Lekki Conservation Centre, níbi tí wọ́n ti so afárá mọ́ òkè igi nínú igbó, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Àwọn ọmọ sáré gorí rẹ̀, èmi dúró nísàlẹ̀ mo ń ka àwọn ọ̀bọ. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a jókòó létí omi, wọ́n gbé pẹpẹsúùpù ẹja wá, atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Mo gbádùn ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí bíìlì dé, àbúrò mi dojú ẹ̀ bolẹ̀ kí n má bàa rí i, mo sì ti rí i. Owó yẹn á ra iṣu tí gbogbo ilé mi á jẹ títí oṣù á fi parí.

Mi ò dá wọn lẹ́bi pé wọ́n ń jáde. Ẹni tó bá ń gbé Áílàńdì gbọ́dọ̀ jáde ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orí rẹ̀ á gbóná. Ilé wọn wà nínú ọgbà, ọgbà wà nínú ẹ̀sìtéètì, ẹ̀sìtéètì ní géètì tiẹ̀. Láti ibi iṣẹ́ dé ilé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni. Ọmọ tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sáré, wọ́n á sanwó fún un kó tó sáré. Kódà ibi tí wọ́n ń sanwó sí kì í dúró. Etíkun kan wà ní Victoria Island tí àwọn ọmọ yẹn fẹ́ràn gidigidi. Lọ́dún 2024, ìjọba àpapọ̀ wó ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀ nítorí títì ńlá tí wọ́n ń là láti Èkó lọ sí Kàlàbá. Èyí àbíkẹ́yìn pè mí lórí fóònù, ó ń sunkún.

Ta ló fẹ́ wó òkè tiwa? Òkè ló yí Kàbà ká. Òkè Obangogo ń wò wá láràárọ̀, kò sí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé Lọ́kọ́jà, ẹ gun Òkè Pátì tó ga ju 400 mítà lọ, ẹ ó rí ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Àwọn ọmọ tó ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay tó bẹ́ẹ̀ kò tíì rí ibẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni olú ìlú ìpínlẹ̀ tiwọn ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù. Tí àlejò bá dé láti òkè òkun sí ọ́fíìsì àbúrò mi, ibi àkọ́kọ́ tó máa ń mú wọn lọ ni Nike Art Gallery ní Lẹ́kí. Ó máa ń tò wọ́n síwájú àwòrán, á máa fi Màmá Nike Okundaye tó ni ibẹ̀ yangàn pé ará ilé òun ni. Òótọ́ ni. Ògìdì Ìjùmú ni wọ́n bí Màmá sí lọ́dún 1951, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bá aṣọ híhun àti aró nínú ẹbí wọn. Wọ́n sì ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́ ní Ògìdì níbẹ̀, láàárín àwọn òkúta ńláńlá tó yí ìlú náà ká. Ògìdì kò jìnnà sí Kàbà. Àbúrò mi kò débẹ̀ rí! Ó ń fi orísun han òyìnbó ní Lẹ́kí, òun fúnra rẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ti kọfí náà ńkọ́? Kàbà àti Ìjùmú ti ń gbin kọfí ọjọ́ ti pẹ́. Bàbá wa ní tiẹ̀ lóko, a máa ń sá a sójú oòrùn nígbà tí a wà lọ́mọdé. Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù kọfí kan ní Áílàńdì, owó ife kan ṣoṣo tó àwo iyán méjì pẹ̀lú ẹran nílé. Ní Kàbà níbí, ẹ fi ibi téèyàn ti lè jókòó mu kọfí tí a gbìn hàn mí. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ará Áílàńdì, àwa tá a wà nílé la lẹ̀bi ẹ̀. Ẹ má sì dárúkọ ìjọba fún mi lónìí. Láti ọdún 1991 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ la ti ń dárúkọ ìjọba.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí Àjíǹde. Mo gba àpò pọ́ńdò, mo gbé e sí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ní Sátidé, gbogbo wa ń jáde lọ jẹun. Mo kó wọn lọ sọ́dọ̀ obìnrin tí mo mọ̀ pé iyán rẹ̀ kì í ní kókó. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Mo lọ sí ìkejì, títì. Ìyàwó àbúrò mi kò sọ̀rọ̀, àmọ́ ó wo ọkọ rẹ̀. Mo rí i.

Mo padà sọ́dọ̀ obìnrin àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ló ń gbé. Mo kan ilẹ̀kùn, ó jáde. Mo ní, "Ìyá ibejì, ọjọ́ tí ìlú kún fọ́fọ́ báyìí lẹ tìlẹ̀kùn?" Ohun tó sọ fún mi ni mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́. Ó ní láàárọ̀ ni òun máa ń ra iṣu, iye oníbàárà tí òun mọ̀ ni òun ń bẹ ẹ́ dé: àwọn awakọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì, àwọn olùkọ́, àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀. Tó bá fi máa di aago mẹ́ta, ó ti tán, òun á fọ odó. Tí ọdún bá dé, àwọn oníbàárà yẹn ti lọ sílé wọn. Àwọn tó wá láti Èkó àti Àbújá, ọgbà bàbá wọn ni wọ́n ti ń pa màlúù, kò sí ẹni tó ń wá sọ́dọ̀ òun. Ọdún tí òun dán an wò, òun gún iyán, iyán náà tutù, òun pín in fún àwọn aládùúgbò.

Ṣé ẹ rí i? Ẹ ní kò síbi jẹun, ẹ gbé kúlà wá. Oníyán rí kúlà yín, ó tìlẹ̀kùn. Lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ ó tún gbé kúlà.

Ó ní tí a bá lè dúró, iṣu wà nílẹ̀. A dúró. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ ń fa ojú ro torí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ tí odó bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìnkùlé, gbogbo wọn dìde. Àbíkẹ́yìn fẹ́ gbá ọmọ odó mú, kò lè gbé e. Wọ́n gbé iyán dé pẹ̀lú ẹ̀gúsí tí ewébẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ẹran ọ̀yà sì wà níbẹ̀. Àbúrò mi bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sínú àpò kó tó wẹwọ́. Ó jẹ, ó ní kí wọ́n bù kún un, ó tún ní kí wọ́n bù kún un. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò jẹ́ kí POS ṣiṣẹ́, wọ́n ná owó ọwọ́, ó sì ṣẹ́ kù. Ìyàwó rẹ̀ gba nọ́ńbà obìnrin náà. Mo ní lọ́kàn mi pé mo ti ṣẹ́gun.

Ìgbà yẹn ni mo wá ní ká tẹ̀ síwájú, ká yà lọ sí Ògìdì kí ilẹ̀ tó ṣú, kí àwọn ọmọ rí àwọn òkúta yẹn. Ọkọ ti fẹ́ ṣíná mọ́tò. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Mọ́mì, ọ̀nà yẹn ńkọ́?"

Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ dákun, ta ni màá pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀?"

Kò fi ohùn àfojúdi sọ ọ́. Ó di ọmọ mú lẹ́sẹ̀, ó ń wò mí. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ajínigbé ti wọ inú igbó wa, ní Yàgbà, ní Bùnú, ní Ìjùmú. A ti gbọ́ ti ẹni tí wọ́n gbé lóko, a ti gbọ́ ti ẹni tí wọ́n gbé lójú títì. Àwọn ọdẹ àti fijilanté ń gbìyànjú, Ọlọ́run á máa ṣọ́ wọn, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ìgbìyànjú wọn búra fún ìyá ọlọ́mọ. Ọ̀nà Kàbà sí Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Ìlọrin, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí. Níbi tí ihò bá ti ní kí ọkọ̀ rọra, ọkàn èèyàn kì í balẹ̀ níbẹ̀.

A yí padà sílé. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ mi kò dúró lójú kan mọ́. Bí mo bá rántí àpò pọ́ńdò yẹn, inú á bí mi. Bí mo bá rántí bó ṣe di ẹsẹ̀ ọmọ mú, mi ò mọ ohun tí màá sọ. Bóyá ohun tí mo rò pé ó jẹ́ ìfojútẹ́ńbẹ́lú ilé, ìbẹ̀rù ni. Ní Áílàńdì, owó tí wọ́n ń san níbi ìgbádùn, ìdajì rẹ̀ lè jẹ́ owó ọkàn balẹ̀: géètì wà, iná wà, ẹ̀ṣọ́ wà. Àwa ní òkè tí kò gba owó, a ò ní ìdajì kejì yẹn láti fún wọn. Síbẹ̀ àwa ń gbé níbí. Àwa ń gba ọ̀nà yẹn lọ sọ́jà, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lọ síbi òkú. Tí gbogbo ẹni tó lówó bá ń bẹ̀rù ilé, ta ló máa fi owó sínú ilé tí ilé á fi dára? Mi ò gbà pé ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí wọ́n má wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Mọ̀pà, ní Ìsánlú, ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, ní Ẹ̀kìnrìn-Àdè, ẹ bá mi dá sí i. Ibo lẹ máa ń mú àlejò lọ? Ọ̀nà wo lẹ ń gbà, aago mélòó lẹ sì ń padà? Ǹjẹ́ ibì kan wà tí wọ́n ṣì ń ta oúnjẹ lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí iná wà, tí ọmọdé lè sáré? Ẹ kọ ọ́ síbí, mo fẹ́ tò wọ́n jọ kí Kérésì tó dé. Mo ti bẹ obìnrin oníyán yẹn pé kó má tìlẹ̀kùn lọ́dún yìí. Ó ní òun gbọ́, kí n kàn sọ iye èèyàn tó ń bọ̀ kí òun lè mọ iye iṣu tí òun á rà. Mo pe àbúrò mi. Ó ní òun á bi ìyàwó òun.