Ìdí Pẹ́pẹ́yẹ Ti Dé, Bùbá Mi Ò Lápá

Ẹ bá mi kí wọn kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi ní Ìtòkú, èèyàn mẹ́fà kó ọgbọ́n orí jọ, wọ́n da dátà sí i, wọ́n da òógùn sí i, wọ́n wá ibi tí ìdí pẹ́pẹ́yẹ wà nínú géèmù orí fóònù tí wọ́n ń pè ní Nonogram. Wọ́n sì rí i. Abẹ́òkúta ti yege.

Bùbá ni mo lọ gbà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣègbéyàwó ní Sátidé, aṣọ ẹbí sì ti wà lọ́wọ́ télọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo bá òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì, orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ sórí fóònù kan bí ìgbà tí wọ́n ń wo ojú ọmọ tuntun. Máṣíìnì dákẹ́. Áyọ́ọ̀nù ti tutù. Téèpù tí wọ́n fi ń wọn èèyàn wà lọ́rùn télọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ oyè. Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o." Ohùn kan sọ̀rọ̀ láti inú fóònù, kì í ṣe èmi ló ń dá lóhùn:

"Ìbú kẹjọ, ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo òòró rẹ̀."

"Wọ́n ti kùn ún."

"Ta ló kùn ún?"

"Ará Brazil ni."

"Ẹ yáa pa á rẹ́ o!"

Télọ̀ mi gbójú sókè, ó rí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

Mo wo aago mi. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn gba ìṣẹ́jú 52.

N ò ní ṣàlàyé géèmù yẹn títí, ilé yín náà ò ṣàì ní ọ̀kan: nọ́ńbà ló ń sọ iye àpótí tí wọ́n máa kùn, títí àwòrán tó fara pamọ́ á fi yọ. Àpótí 20 ní ìbú, àpótí 20 ní òòró, nọ́ńbà tò sí etí rẹ̀ bí ẹyẹ tó bà sórí wáyà iná, kálukú jókòó sí ìlú tirẹ̀, wọ́n jọ ń kùn ún. Ẹnì kan wà ní Ìbàdàn, ẹnì kan wà ní Jámánì. Ará Brazil yẹn, kò sẹ́ni tó mọ ojú rẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá, àwọn náà ò gbọ́ èdè tiẹ̀. Nọ́ńbà àti àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ó wú mi lórí. Télọ̀ tí mo pè ní ìgbà mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀ yẹn tí kò gbé e, ará Brazil fi ojú ẹ̀rín kan ránṣẹ́, ó dá a lóhùn kí n tó ṣẹ́jú.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìdí.

Létí ìbú kẹjọ, 2 àti 9 ni wọ́n kọ. Ìyẹn ni pé àpótí méjì tó so pọ̀ á dúdú, òfo á tẹ̀ lé e, mẹ́sàn-án tó so pọ̀ á tún dúdú. Kò sí ìjà lórí mẹ́sàn-án. Ara pẹ́pẹ́yẹ ni. Méjì yẹn ló fa wàhálà. Méjì yẹn ni ìdí. Télọ̀ mi ní kó sún mọ́ ara. Ará Ìbàdàn ní irọ́ ni, pé ta ló sọ fún wọn pé pẹ́pẹ́yẹ ni, pé bàtà obìnrin ni lójú tòun, gìgísẹ̀ sì ni méjì yẹn. Ará Jámánì ní kí wọ́n yé fojú inú ṣe é, nọ́ńbà ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Ọmọ iṣẹ́ kékeré wá ní, "Ọ̀gá, tó bá jẹ́ bàtà, ṣé tẹsẹ̀ ọ̀tún ni àbí tòsì?" Ìbéèrè yẹn nìkan gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀gbẹ́ni kan tó fẹ́ fi ṣòkòtò sílẹ̀ fún àtúnṣe dúró, ó gbọ́, ó gbé ṣòkòtò rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ ná, èmi ti sin pẹ́pẹ́yẹ rí. Méje ni mo ní lẹ́yìn ilé, kí aládùúgbò kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tó tún ń bá mi wá wọn kiri. Kò sí ọjọ́ kan tí ìdí wọn sọnù mọ́ mi lójú. Ẹ̀yìn ló wà. Láti ìgbà tí Olúwa ti dá pẹ́pẹ́yẹ, ẹ̀yìn ló fi ìdí rẹ̀ sí. Ká ní wọ́n bi mí ni, ǹ bá ti sọ fún wọn, à bá sì ti padà sídìí apá bùbá. Wọn ò bi mí.

Nígbà tí wọ́n rí ìdí náà tán, ìyókù ò gbà wọ́n lákòókò. Àwòrán náà mú àwọ̀ jáde, pẹ́pẹ́yẹ aláwọ̀ yẹ́lò kan gbọn orí lẹ́ẹ̀mejì lójú fóònù. Ariwo sọ! Télọ̀ dì mọ́ ọmọ iṣẹ́. Ìyá aláta ẹ̀gbẹ́ wọn sáré wọlé, ó rò pé tẹ́tẹ́ ni wọ́n jẹ.

"Kí lẹ jẹ?"

"Pẹ́pẹ́yẹ ni, Ìyá!"

"Ó dà?"

"Inú fóònù ló wà."

Obìnrin yẹn pòṣé kan tó gùn láti Ìtòkú dé Láfẹ́nwá, ó padà sídìí ata rẹ̀. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn láti ọjọ́ náà.

Wọ́n wá na bùbá sí mi. Ara pé, ọrùn pé. Apá kò sí. Pẹ́pẹ́yẹ nídìí, bùbá ò lápá.

Inú bí mi débi pé mo lọ wádìí ẹni tó kó èyí bá wa. Obìnrin kan ni, ní Japan, Non Ishida. Lọ́dún 1987 ló fi iná ojú fèrèsé ilé gogoro ya àwòrán ní Tokyo, ó tan èyí, ó pa tọ̀hún, ó sì fi gba ẹ̀bùn ìdíje. Tetsuya Nishio, ará Japan bíi tiẹ̀, ti ń ro irú rẹ̀ lọ́tọ̀ láìmọ̀ nípa ti obìnrin náà. Nígbà tó di 1990, James Dalgety ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ní Nonogram, ara orúkọ obìnrin náà ló ti mú Non yẹn, ìwé ìròyìn Sunday Telegraph sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo wá ń ro irú ìdíje fèrèsé bẹ́ẹ̀ sí Òkè-Ìlẹ̀wọ̀. Ẹ gbé mi gun orí Òkúta Olúmọ lálẹ́, kí n wo ìlú. Àwòrán kan ṣoṣo la lè yà fún wọn, òkùnkùn ni, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ méjì mẹ́ta tó ń ṣe ojú ológbò láàárín rẹ̀. Nọ́ńbà tó máa wà létí ìlà wa: odo, odo, odo. Kò ní pẹ́ wọn í tú.

Lọ́dún 1996, onímọ̀ méjì ní Japan tún fi hàn pé ó wà lára àwọn ìṣòro tí kò tíì sí ọgbọ́n yíyá kan tí kọ̀ǹpútà lè fi tú gbogbo rẹ̀ bí àpótí bá ti pọ̀ jù. Ó yé mi. Ohun tó le fún kọ̀ǹpútà á le fún télọ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kọ́ ló gbowó apá bùbá sílẹ̀.

Ìtòkú kan náà yìí o! Ibẹ̀ ni ìyá ìyá mi ti ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Á pín aṣọ sí àpótí àpótí, á fi láfún ro ẹ̀kọ, á ki ìyẹ́ adìẹ bọ̀ ọ́, á máa ya àpótí kọ̀ọ̀kan: ẹyẹ nínú èyí, ewé nínú tọ̀hún. Tó bá jẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, á to òpó gbọ̀ngàn Màpó sí i, á fi ṣíbí sáàárín wọn. Kò sí nọ́ńbà létí aṣọ. Kò sí ará Brazil. Pẹ́pẹ́yẹ tó bá yà, èèyàn á sanwó rẹ̀, á ró o lọ sóde. Ibi tí ẹ̀kọ bá sì wà, aró kì í wọbẹ̀, funfun ló máa ń dúró, tó fi jẹ́ pé ibi tí kò ní dúdú gan-an ló ń fi gbogbo ọjọ́ sàmì sí... Ẹ dúró ná. Ìyẹn ti fẹ́ jọ àmì X táwọn èèyàn yìí ń fi sínú àpótí òfo. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ìyá àgbà mi kì í ṣe géèmù.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé n ò mọ ohun tí mò ń bú. Mo mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ Àìkú kan ni mo lọ kí àbúrò mi ní Ìbarà. Òun wà ní pálọ̀, ìyàwó rẹ̀ wà ní yàrá, ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wà lórí àtẹ̀gùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń kun àwòrán kan náà. Wọ́n ní kí èmi náà wọlé sí i. Ọmọ náà jókòó tì mí, ó kọ́ mi: "Dádì àgbà, tí ìlà bá jẹ́ àpótí mẹ́wàá, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 8, ẹ tì í sósì pátápátá, ẹ tún tì í sọ́tùn-ún pátápátá. Mẹ́fà àárín ò lè bọ́. Ẹ kùn wọ́n." Ó dùn mọ́ mi. N ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo kun mẹ́fà yẹn bí ẹni ń kun ilé tuntun. Ìgbà tó yá mo bọ́ sórí ìlà tí wọ́n kọ 3 àti 3 sí. Mo rò ó pé mẹ́ta àti mẹ́ta, mẹ́fà ni, mo bá so wọ́n pọ̀, n ò rántí òfo tó gbọ́dọ̀ wà láàárín. Fóònù gbọ̀n. Ọkàn mẹ́ta tí wọ́n fún wa nínú géèmù náà di méjì. Mo tún ṣi òmíràn kùn, ó di ẹyọ kan. Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Ẹ má bínú, Dádì àgbà," ó tẹ nǹkan kan, wọ́n sì kọ ọ́ sójú fóònù mi pé wọ́n ti yọ mí kúrò. Èmi tí mo gbé bàbá rẹ̀ lé èjìká lọ wo eégún! Bàbá rẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín láti yàrá.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síta. Ojú ò tì yín? Ọkùnrin onírùngbọ̀n, tó ń pariwo "ìdí ti dé" láàárín ọjà! Ìlú tí ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá ti jáde lọ́dún 1859, etí àpótí lẹ̀ ń kà níbẹ̀. Gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù yín dí látìgbà òjò, kálukú ní ti ẹni kejì ni. Ṣùgbọ́n kí ará Jámánì ṣáà ní òòró kejìlá ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́, ẹ ti dé, ẹ̀ ń mí hẹlẹ. Òfàdà ilé yín kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ má jiyàn, mo gbóòórùn rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹni tí a jọ ń ta ayò ní Ìjẹmọ̀ ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ l'Ékòó. Ọpọ́n náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ihò 12, ọmọ 48. Mo kà wọ́n lálẹ́ àná, 47 ló kù.

Wọ́n rán apá náà lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Tọ̀tún dé ọrùn ọwọ́. Tòsì dúró sí ìgbọ̀nwọ́. Níbi ìgbéyàwó, abẹ́ tábìlì ni ọwọ́ òsì mi wà láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá wúre fún ìyàwó, ọwọ́ kan ni mo gbé lé e lórí, àwọn àna ń wojú ara wọn.

Mo gbé bùbá padà lọ ní Mọ́ńdè, mo ti to èébú sẹ́nu. Orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún wà lórí fóònù. Mo dúró lẹ́yìn wọn kí n lè bú wọn dáadáa. Ìbú kẹtàlá, 4 àti 4. Ọmọ iṣẹ́ kékeré fẹ́ so wọ́n pọ̀.

"Fi àyè sáàárín, ọmọ yìí! Ṣé o ò ríran ni?"

Télọ̀ yíjú, ó wò mí títí. Ó fa àga kan jáde, ó nu eruku ara rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó."

Tìbínú-tìbínú ni mo fi jókòó o. Ẹja ni. Mo ti rí ìrù rẹ̀ kí ará Jámánì tó débẹ̀.