Títóbi họ́ọ̀nù kì í ṣe nítorí ariwo

Ẹ lọ sí ibikíbi tí àwọn olólùfẹ́ ẹ̀rọ orin bá kóra jọ sí ní Abẹ́òkúta, ìbáà ṣe ìsọ̀ àwọn tó ń tún amplifier ṣe ní Kútọ̀, ìbáà ṣe abẹ́ tapólì ìnáwó kan ní Aṣérò, kò ní í pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: họ́ọ̀nù (ẹnu fífẹ̀ bíi ti fèrè tí ohùn sípíkà ń gbà jáde) ni bàbá sípíkà, bó bá ṣe tóbi tó ló ṣe ń pariwo tó, bó bá sì ṣe ń pariwo tó ló ṣe dáa tó. Ẹnìkan á yọ fóònù, á fi fídíò họ́ọ̀nù kan hàn yín, èyí tí ará Japan kan kọ́ mọ́ ara ilé rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ débi pé àgbàlagbà lè nàró sínú rẹ̀. Gbogbo àwọn tó yí i ká á mirí. "Tí wọ́n bá tan nǹkan yìí ní Sápọ́n, wọ́n á gbọ́ ọ ní Lafẹ́nwá!"

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní irú họ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ ló ń fi amplifier onífáàfù gbé e, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí gíláàsì wọn máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí iná bá dé. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú wọn kò ju bíi wáàtì 8 lọ. Gílóòbù LED tó wà ní pálọ̀ yín lè ju ìyẹn lọ. Ẹni tó wá ná owó gọbọi lórí họ́ọ̀nù tó tóbi tó yàrá, tó sì ń fi wáàtì 8 gbọ́ orin lórí rẹ̀, ẹ ò rí i pé ariwo kọ́ ló ń wá?

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí họ́ọ̀nù ń ṣe. Kò ní bátìrì nínú, wọn kò so wáyà iná mọ́ ọn. Irin, pákó tàbí ike lásán ni, tó há lápá kan, tó fẹ̀ lápá kejì. Kò síbi tí yóò ti rí agbára tí yóò fi kún ohùn. Agbára tí dráífà (ẹ̀rọ kékeré tí awọ rẹ̀ ń gbọ̀n) tó wà nídìí rẹ̀ bá gbé wá náà ni yóò gba ẹnu rẹ̀ jáde, bí kò bá tilẹ̀ dín díẹ̀. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni pé kì í jẹ́ kí agbára ṣòfò. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́ jù fún awọ sípíkà. Bí awọ náà bá ń gbọ̀n lóun nìkan, ṣe ni afẹ́fẹ́ á máa yẹ̀ fún un, kò ní í rí nǹkan tì. Ẹ ju ọwọ́ lásán síwá sẹ́yìn níwájú yín, atẹ́gùn tí ẹ máa rí kò tó nǹkan. Ẹ mú abẹ̀bẹ̀ sí ọwọ́ kan náà, ara á tù yín. Agbára apá yín kò pọ̀ sí i, ó kàn rí afẹ́fẹ́ dìmú ni.

Nínú wáàtì 100 tó bá wọ sípíkà alápòótí tó wọ́pọ̀ nílé, bíi 1 péré ló ń di ohùn. Ooru ni gbogbo ìyókù ń dà. Họ́ọ̀nù tí wọ́n fi ìmọ̀ ṣe lè sọ 20 tàbí 30 nínú 100 yẹn di ohùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ń kó ohùn lọ síwájú, kì í jẹ́ kó fọ́n ká. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ pe èèyàn lódìkejì odò Ògùn fi ń ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹnu. Ẹni iwájú á gbọ́ ju tàtẹ̀yìnwá lọ; ẹni ẹ̀gbẹ́ á gbọ́ dínkù. Èyí tí ẹni iwájú rí gbà, ara ti ẹni ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti yọ ọ́.

Àìní ló bí họ́ọ̀nù. Gírámófóònù àwọn bàbá wa àgbà kò ní iná, nítorí náà họ́ọ̀nù nìkan ló lè jẹ́ kí ohùn abẹ́rẹ́ kékeré yẹn kárí ilé. Peter Jensen àti Edwin Pridham, àwọn tó dá Magnavox sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, so họ́ọ̀nù mọ́ ẹ̀rọ oníná ní 1915, nígbà tó sì di 1919, ohun tí Ààrẹ Woodrow Wilson fi bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sọ̀rọ̀ ní San Diego nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni Chester Rice àti Edward Kellogg ti ilé iṣẹ́ General Electric gbé sípíkà tí kò ní họ́ọ̀nù jáde ní 1925. Ó ń fi agbára ṣòfò ju họ́ọ̀nù lọ fíìfíì, àmọ́ amplifier ti ń lágbára sí i, àwọn èèyàn sì rí i pé ó sàn kí wáàtì ṣòfò ju kí họ́ọ̀nù gba ilé mọ́ àwọn lọ́wọ́. Sípíkà inú ilé yín lónìí, ọmọ ọmọ ti Rice àti Kellogg ni. Àwọn ilé sinimá ló di họ́ọ̀nù mú, torí wáàtì díẹ̀ ni wọ́n ní láti fi kún gbọ̀ngán ńlá.

Kí ló wá dé tí họ́ọ̀nù fi ń tóbi tó bẹ́ẹ̀? Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà, ibí náà ni àwọn ọ̀rẹ́ wa ní Kútọ̀ sì ti ń ṣìnà.

Ohùn máa ń rìn bíi mítà 344 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 1,000 láàárín àkókò yẹn, ìgbì rẹ̀ kan kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 34 lọ. Ṣùgbọ́n báàsì tó ń gbọ̀n nígbà 50 péré, ìgbì rẹ̀ kan gùn tó mítà 7, ó gùn ju mọ́tò lọ. Kí họ́ọ̀nù tó lè gbé ìgbì kan jáde dáadáa, àyíká ẹnu rẹ̀ ní láti sún mọ́ gígùn ìgbì náà. Ẹ ṣírò rẹ̀: àyíká mítà 7 túmọ̀ sí ẹnu tó fẹ̀ ju mítà 2 lọ láti etí kan sí èkejì. Nítorí kí báàsì lè jáde ni họ́ọ̀nù ará Japan yẹn ṣe tóbi. Ohùn tó rẹlẹ̀ ló ń wá, ohùn tó ròkè kò nílò ju ẹnu kékeré lọ.

Paul Klipsch, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe sípíkà, mọ èyí dáadáa nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta Klipschorn, sípíkà oníhọ́ọ̀nù rẹ̀, ní ìlú Hope, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ní 1946. Ó ká họ́ọ̀nù báàsì náà mọ́ inú àpótí, ó sì ní kí oníbàárà gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá, kí ògiri méjèèjì lè di ìyókù họ́ọ̀nù náà. Bí ẹ bá fún un ní wáàtì 1, ohùn rẹ̀ ní mítà 1 tó bíi désíbẹ́lì 105 (désíbẹ́lì la fi ń wọn bí ohùn ṣe lágbára tó). Sípíkà kan tó ń fúnni ní 85 pẹ̀lú wáàtì 1 yóò nílò wáàtì 100 kó tó lè bá a dọ́gba.

Ẹ wá wo họ́ọ̀nù tí àwa ń rí lójoojúmọ́, èyí tó wà lórí mọ́sáláṣí, lórí ṣọ́ọ̀ṣì àti lórí ọkọ̀ àwọn tó ń ta agbo. Wọ́n ti ká ọ̀nà inú rẹ̀ kó má baà gùn jù, ẹnu rẹ̀ kò sì fẹ̀ púpọ̀. Ohùn tó bá ti lọ sílẹ̀ ju bíi 300 Hz (ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ó ń já a dànù ni. Ohùn ọkùnrin ń bẹ̀rẹ̀ láti bíi 100 tàbí 120, èyí já sí pé ìdí ohùn wàásí kò jáde níbẹ̀ rárá, ìdí tó fi ń dún bí ẹni ń fi imú sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé a ṣì ń gbọ́ dò-rè-mí èdè wa níbẹ̀ láìṣì í gbọ́: etí máa ń ti ara àwọn ohùn òkè mọ ibi tí ìdí wọn yẹ kó wà, á sì tún un rán fúnra rẹ̀. Fún ìpè àti ìkéde, họ́ọ̀nù yìí dára gan-an, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é nìyẹn. Ẹni tó wá fi lu orin àpàlà níbi ìnáwó, tó ní kí wọ́n tún fi méjì kún un nítorí kò gbọ́ ìlù ńlá, ìlù yẹn kò ní í jáde bí wọ́n bá tilẹ̀ gbé ogún kọ́.

Fífi kún un yẹn náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí ẹ bá sọ agbára di ìlọ́po méjì, désíbẹ́lì 3 péré ló lé, díẹ̀ ni etí fi máa mọ̀ ọ́n. Kí etí tó lè ní ó ti di ìlọ́po méjì, agbára ní láti di bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ní gbangba, ìlọ́po méjì ìrìn sì ń gba désíbẹ́lì 6 lọ́wọ́ ohùn. Ohùn tó jẹ́ 110 ní mítà 1 ti di 98 ní mítà 4, 86 ní mítà 16, 74 ní mítà 64. Kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́, ẹni tó wà níwájú ló ń jìyà rẹ̀. Àjọ NIOSH tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní désíbẹ́lì 85 kò gbọdọ̀ ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́ fún etí. Bí 3 bá ṣe ń lé ni àkókò ń pín sí méjì, tó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Ìnáwó wo nílẹ̀ Ẹ̀gbá ló ń parí ní ìṣẹ́jú 15?

Òkúta wa tún wà ńlẹ̀. Bí àpáta bá wà ní mítà 50 sí sípíkà, ohùn tó lọ bá a yóò padà dé lẹ́yìn nǹkan bí ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ tuntun ti ń jáde kí ti àná tó dé. Ẹni tó wá yí ohùn sókè kí ó lè yé èèyàn, àpáta náà á dá èyí tó fi kún un padà fún un pérépéré. Ohun tó ń mú ọ̀rọ̀ yéni níbi báyìí ni kí wọ́n tò àwọn sípíkà kékeré sẹ́bàá àwùjọ, kí wọ́n dojú wọn kọ èèyàn, kí ohùn wọn sì mọ níwọ̀n. Àwọn tó ń yá wa ní ẹ̀rọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa tó ń náwó ni mo bá wí, torí iye àpótí tó dúró ti bándì la fi ń díwọ̀n owó tí a máa san.

Wáàtì tí wọ́n kọ sára páálí ńkọ́? Bí ẹ bá rí 10,000 pẹ̀lú PMPO (agbára tí wọ́n ní ẹ̀rọ lè dé fún ìgbà díẹ̀ gan-an) lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ wo pílọ́ọ̀gì rẹ̀. Pílọ́ọ̀gì 13A lórí iná 230V kò lè gbé ju bíi wáàtì 3,000 lọ. Irú sípíkà bẹ́ẹ̀ sì tún ń ṣiṣẹ́ lórí jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour" tí kì í tó wáàtì 1,000.

Èmi náà fẹ́ràn họ́ọ̀nù, n ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ń bú u. Nítorí pé ó ń di afẹ́fẹ́ mú, awọ tó wà nídìí rẹ̀ kì í gbọ̀n jìnnà kí ohùn tó jáde, èyí kì í sì í jẹ́ kí ohùn dàrú. Bí ọ̀pá bá kan awọ gángan, ẹ ó gbọ́ ọ gán-án bí ẹni pé onílù wà níwájú yín. Àmọ́ bí wọ́n bá fún un ní agbára àfúnjù, afẹ́fẹ́ tó wà ní ọ̀fun rẹ̀ tó há yẹn gan-an á bẹ̀rẹ̀ sí í da ohùn rú. Ariwo ló ń ba ohun tó dára jù lára rẹ̀ jẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan, ẹ ní kí ọlọ́jà yí i wálẹ̀ títí tí ẹ ó fi lè bá a sọ̀rọ̀ láìpariwo. Ẹ ní kó fi ohùn èèyàn sí i, kó fi ìlù sí i. Ẹ rìn láti ọ̀tún rẹ̀ dé òsì, kí ẹ gbọ́ bóyá ohùn ń sá lọ. Bí ó bá ní ẹ ò lè mọ agbára rẹ̀ àfi tí òun bá yí i dé òpin, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì.