Ta ló sọ pé dandan ni ká máa sáré fa ìdẹ?

Lánàá ni mo ń dúró de mọ́tò ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n kan ń kọ́ ọmọkùnrin kan bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀pá ìwọ̀ tó ní ríìlì (ohun tí wọ́n fi ń yí okùn wọlé), èyí tí bọ̀dá ẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti Amẹ́ríkà. Ó ní, "Tó o bá ti ju ìdẹ rọ́bà yẹn sómi, ṣáà máa yí i kíákíá, má dúró rárá o, tó o bá rọra fà á ẹja á rí i pé rọ́bà ni." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi pátápátá. Gbogbo ẹni tó bá ti wo fídíò méjì lórí fóònù ló ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣe fídíò ti gé gbogbo ibi tó ti dúró kúrò.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ní Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas l'Amẹ́ríkà, ọ̀gá kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló máa ń mú mi lọ sí Lake Fork, adágún kan lápá ìlà-oòrùn ibẹ̀ tí ẹja kan tí wọ́n ń pè ní bass kún inú ẹ̀ (inú òtútù January 1992 ni wọ́n mú bass tó tóbi jù ní Texas níbẹ̀, ó lé ní páùn 18). Bass ẹlẹ́nu ńlá yẹn, ẹja tó ń lúgọ ni. Á lọ fara pamọ́ sábẹ́ koríko omi tàbí ẹ̀gbẹ́ kùkùté, á dákẹ́ síbẹ̀, tí nǹkan bá ti dé ìtòsí á la ẹnu wàà, omi á rọ́ wọlé, ohun tó wà nínú omi á bá a wọlé. Ẹnu ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí kì í bá ṣe oúnjẹ á tu ú dà nù. Ìlà kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹja títí dé ìrù, òun ló fi ń mọ̀ pé nǹkan ń mira nínú omi kódà tí omi bá dọ̀tí, àmọ́ tó o bá ń fa ìdẹ bí ẹni tí wọ́n ń lé, kó tó mọ ibi tó wà ó ti kọjá.

Ọjọ́ kan ní January, òtútù mú débi pé mi ò mọ ìka mi mọ́. Mo ti ń ju ìdẹ tó dà bí ẹja kékeré fún bíi wákàtí méjì, mo ń yí i, mi ò rí nǹkan kan. Ọ̀gá yẹn gba ọ̀pá, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kan tó kú sínú omi, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá fi í sílẹ̀. Ó ní kí n máa kà. Mo ka dé mọ́kànlá, okùn tó dẹ̀ sórí omi rọra yà sápá òsì, kò já, kò fò, ó kàn yà ni, ó gbé ọ̀pá sókè, ọ̀pá tẹ̀ kọrọdọ. Ìdẹ yẹn ò mira rárá nígbà tí ẹja gbé e! Látìgbà náà mi ò lè ka iye bass tó gbé ìdẹ mi nígbà tí mo dúró, tàbí nígbà tí ekòló rọ́bà ń rì lọ sísàlẹ̀.

Bí omi bá ṣe tutù lara ẹja náà ń tutù, á máa lọ́ra, kò ní fi agbára ṣòfò lórí nǹkan tó ń sáré. Lọ́dún tó kọjá nígbà ọyẹ́, ní dáàmù Ọba níbí, mo ń wọ́ ekòló rọ́bà lórí ẹrẹ̀, díẹ̀díẹ̀, àrọ̀ méjì ni mo gbé délé. Mo mọ̀ pé àrọ̀ kì í ṣe bass.

Ó dáa, tí omi bá gbóná tí ẹja sì ń lé ẹja kéékèèké kiri, fífà kíákíá lè mú un. Mo gbà.

Kí mọ́tò mi tó dé mo pe ọmọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní tó bá ti fà á lẹ́ẹ̀mejì kó fi í sílẹ̀ kó ka ení dé ẹ̀wá, kó máa wo okùn, kó má wo ìdẹ. Ó ní òun á gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.