Kóòdù tí a gbé sí gbangba, ṣé kò ní olóhun mọ́ ni?

Àbẹ̀kẹ́ Under G: Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú ilé o. Ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan. Àwa mélòó kan ládùúgbò Under G kọ kóòdù kan, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, tó ń sọ ohun tí a kọ sórí fóònù di àdììtú tí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò lè kà, kí ẹni tó bá jí fóònù alájọ má baà rí orúkọ àti owó àwọn tó ń dájọ lọ́dọ̀ rẹ̀. A gbé e sí gbangba pẹ̀lú láísẹ́ǹsì ISC: ẹnikẹ́ni lè lò ó, ó lè tà á pàápàá, kó ṣáà má yọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ kúrò. Ẹgbẹ́ kejì tí a jọ ń du iṣẹ́ kan náà gbé tiwọn jáde lóṣù tó kọjá. Fáìlì wọn tó ń ṣe ChaCha20, ìyẹn ìṣirò tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú, bá tiwa mu láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, àmọ́ orúkọ tiwọn ló wà lókè. Mo ní olè ni. Wọ́n ní ohun tó wà ní gbangba kò ṣeé jí.

Adéwálé Òkè-Ẹlẹ́rìn: Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà ni. Mo wà nínú ẹgbẹ́ kejì yẹn, ẹ gbọ́ tèmi náà. ChaCha20 kì í ṣe ti Àbẹ̀kẹ́. Daniel J. Bernstein ló gbé ChaCha jáde lọ́dún 2008, RFC 8439, ìwé ìlànà tó wà ní gbangba, sì to gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, títí dórí nọ́ńbà tí a ó lò. Ẹni méjì tó bá kọ ọ́ bó ṣe yẹ, iṣẹ́ wọn á jọra. AES tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, tábìlì nọ́ńbà inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní S-box ńkọ́? Nọ́ńbà 256 ni, ẹni tó bá yí ẹyọ kan padà, ohun tó kọ kì í ṣe AES mọ́. Ṣé gbogbo wa la jí i lọ́wọ́ Joan Daemen àti Vincent Rijmen tó ṣe é ni?

Àjàní Arówómọ́lẹ̀: Adéwálé, òótọ́ lo sọ nípa ìṣirò. Kò sẹ́ni tó ni ín. Àmọ́ RFC kò ní kó o pe array rẹ, ìyẹn àpótí tí nọ́ńbà ń tò sí nínú kóòdù, ní "kolo". Mo ṣí fáìlì méjèèjì lánàá. Ìlà kan wà nínú ti Àbẹ̀kẹ́ tó ń nu array kan náà lẹ́ẹ̀kejì, kò wúlò fún nǹkan kan. Ó wà nínú tiyín, níbi kan náà. Àlàyé tí wọ́n ṣì kọ, ẹ̀yin náà ṣì í kọ bákan náà. Ohun tó pọn dandan lè jọra láìjẹ́ pé ẹnì kan wo tẹnì kan. Ohun tí kò pọn dandan ni kí o ṣàlàyé fún wa.

Ìyá Ìbejì Sábó: Ẹ dákun ẹ̀yin ọmọ mi, alájọ lèmi. Kí ló kàn mí bóyá orúkọ Adéwálé ló wà lórí ẹ̀ tàbí ti Àbẹ̀kẹ́? Ṣé àṣírí àwọn oníbàárà mi bò tàbí kò bò?

Àjàní Arówómọ́lẹ̀: Màmá, ó kàn yín ju àwa tá a ń jà lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2014 ni ayé gbọ́ nípa Heartbleed, àléébù kan nínú OpenSSL, kóòdù ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìkànnì fi ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó jẹ́ kí àjèjì lè máa fa ohun tó wà nínú mẹ́mórì sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì, títí kan ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn èèyàn. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2012 láìsẹ́ni tó fura. Nígbà tí àtúnṣe dé nínú ẹ̀dà 1.0.1g, gbogbo ẹni tó mọ̀ pé OpenSSL lòun ń lò mọ ohun tó yẹ kóun ṣe. Ẹni tó gé apá kan nínú rẹ̀ sínú nǹkan tirẹ̀ tó sì yọ orúkọ kúrò ńkọ́? Ta ni yóò kìlọ̀ fáwọn oníbàárà irú ẹni bẹ́ẹ̀? Bí Àbẹ̀kẹ́ bá rí àléébù nínú fáìlì yìí lọ́la tó sì tún un ṣe, ti ọwọ́ yín lè má gbọ́ láéláé, torí kò sí ohun tó fi hàn pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti wá. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Iyì nìkan kọ́ là ń jà fún.

Adéwálé Òkè-Ẹlẹ́rìn: Bọ̀dá Àjàní, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n orí iṣẹ́ ẹlòmíì ni OpenSSL fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: SSLeay, tí Eric Young àti Tim Hudson kọ. Lẹ́yìn Heartbleed, àwọn OpenBSD, ẹgbẹ́ kan tó ń kọ kóòdù ọ̀fẹ́, mú OpenSSL sọ di ẹ̀dà tiwọn, LibreSSL, Google mú un sọ di BoringSSL. Ta ló pè wọ́n lólè?

Lọ́yà Ìsàlẹ̀-Afọ́n: Kò sẹ́ni tó pè wọ́n lólè torí wọn ò pa orúkọ rẹ́. Lọ wo àwọn fáìlì àtijọ́ inú LibreSSL, orúkọ Eric Young ṣì wà lórí wọn. Nígbà tí OpenSSL fẹ́ kúrò lórí láísẹ́ǹsì àtijọ́ bọ́ sórí Apache 2.0, wọ́n kọ lẹ́tà lọ́dún 2017 sí àwọn tó ti dá kóòdù sí i, wọ́n ní ẹni tí kò bá fèsì, àwọn á gbà pé ó fara mọ́ ọn. Theo de Raadt ti OpenBSD fárí gá: dídákẹ́ èèyàn kì í ṣe àṣẹ. Ọdún 2021 ni OpenSSL 3.0 tó jáde lábẹ́ láísẹ́ǹsì tuntun. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó kọ nǹkan nìyẹn, wọ́n tún ń jà lé e lórí.

Nípa "gbangba", ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà ti dáhùn ìyẹn lọ́dún 2008, nínú ẹjọ́ Jacobsen àti Katzer. Kóòdù ọkọ̀ ojú irin ìṣeré ni. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi sílẹ̀, ẹnì kejì kó o láìdárúkọ àwọn tó kọ ọ́. Ilé ẹjọ́ ní ohun tí a fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ṣì ní májẹ̀mú, ẹni tó bá sì rú u lè jẹ̀bi òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́. Nílé wa níbí, Copyright Act 2022 ka kóòdù kọ̀ǹpútà mọ́ ìwé kíkọ.

Adéwálé Òkè-Ẹlẹ́rìn: WhatsApp ni fáìlì yẹn gbà dé ọ̀dọ̀ wa, kò sí orúkọ kankan lórí ẹ̀. A ò yọ ohun tí a ò rí.

Àbẹ̀kẹ́ Under G: Báwo wá ni orúkọ yín ṣe dórí ẹ̀? Ká ní inú git, ibi tí a ń tọ́jú kóòdù àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sí, lẹ ti mú un ni, tẹ́ ẹ ṣe cherry-pick, ìyẹn kẹ́ ẹ ṣa ohun tẹ́ ẹ fẹ́ níbẹ̀, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ì bá bá a wá fúnra rẹ̀.

Àjàní Arówómọ́lẹ̀: Ẹ jẹ́ ká ṣe ohun tó ṣeé ṣe. Adéwálé, ẹ dá orúkọ àti láísẹ́ǹsì padà sórí fáìlì yẹn, kẹ́ ẹ kọ ibi tó ti wá sínú commit, àkọsílẹ̀ àtúnṣe yín. Fáìlì yòókù, ẹ jọ jókòó yẹ̀ ẹ́ wò.

Adéwálé Òkè-Ẹlẹ́rìn: Ti ChaCha20, a ó ṣe é. Fáìlì tó ń pín kọ́kọ́rọ́, àwa la kọ ọ́ o, n kò ní gbà kí wọ́n kọ orúkọ ẹlòmíì sí i. Kí Àbẹ̀kẹ́ sì yọ "olè" yẹn kúrò.

Àbẹ̀kẹ́ Under G: Ọjọ́ tí orúkọ bá padà ni màá yọ ọ́.

Ìyá Ìbejì Sábó: Èyí tó ti wà lórí fóònù mi ńkọ́? Ta ni yóò pàrọ̀ ẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn kí n tó kọ orúkọ oníbàárà kankan sí i mọ́.