Iṣẹ́ Baba Akíntọ́lá Williams ló yẹ kí ẹ kọ jù

Olóòtú, nínú ìròyìn tí ẹ kọ nípa Baba Akíntọ́lá Williams, ọdún 104 tí wọ́n lò láyé nìkan ni ẹ tẹnu mọ́. Iṣẹ́ wọn ló wú mi lórí jù. Lọ́dún 1949 ni wọ́n di chartered akáńtáǹtì, ìyẹn oníṣirò owó tó gba ìwé ẹ̀rí àgbà, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Àwọn òyìnbó ló gba iṣẹ́ ọ̀hún kan nígbà yẹn, síbẹ̀ Baba dá ilé-iṣẹ́ ìṣirò owó tiwọn sílẹ̀ ní 1952. Wọn ò fi ìmọ̀ náà mọ sọ́dọ̀ ara wọn nìkan, àwọn ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ICAN, ẹgbẹ́ àwọn chartered akáńtáǹtì Nàìjíríà, ní 1965. Ẹbí wọn ńkọ́? Àbúrò wọn, Rótìmí Williams, wà lára àwọn méjì tó kọ́kọ́ di SAN, oyè àgbà àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà, ní 1975. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìtàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí fún àwọn ọmọ wa.