Agbára tí ọkọ̀ fi ń fa ẹrù kọ́ ló ń sọ plow tó lè gbé

"Ọkọ̀ mi ń fa 10,000 pọ́n-ùn láìmí hẹlẹ. Kí ni irin 800 pọ́n-ùn fẹ́ fi í ṣe?"

Bí ẹ bá jókòó ti àwọn tó fẹ́ ra plow fún píkọ́ọ̀pù, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ ọ. Èmi náà ti sọ ọ́ rí, mo tiẹ̀ ń fọwọ́ sọ̀yà. Plow ni irin gbàǹgbà tí wọ́n ń so mọ́ imú ọkọ̀ láti fi ti yìnyín kúrò lójú ọ̀nà, ẹni tó bá sì fẹ́ rà á máa ń ní ohun méjì lọ́kàn: pé èyí tó bá tóbi jù ló dára jù, àti pé ọkọ̀ tó lágbára ò ní mọ̀ pé òun gbé nǹkan kan. Irọ́ ni méjèèjì, ìkejì ló sì bí ìkíní.

Fífà yàtọ̀ sí gbígbé. Tírélà tí ọkọ̀ ń fà ní táyà tirẹ̀ lábẹ́, táyà yẹn ló sì ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù. Nínú 10,000 pọ́n-ùn, nǹkan bí 1,000 sí 1,500 ló máa ń dé ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ìdí ọkọ̀ ló sì ń tẹ̀, níbi tí wọ́n ti ṣe sípíríǹgì sílẹ̀ de ẹrù. Plow ò ní táyà kankan. Tí ẹ bá ti gbé e kúrò nílẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ ló rù ú tán, ẹsẹ̀ iwájú kan náà tó ti ń ru ẹ́ńjìnnì kí plow tó dé. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pariwo nínú ìpolówó ò sọ ohunkóhun nípa ẹsẹ̀ yẹn.

Nọ́ńbà tó sọ ọ́ wà níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ara férémù tí ilẹ̀kùn ń dé lé. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, òfin ló sọ pé kí ẹni tó ṣe ọkọ̀ lẹ ìwé kékeré kan síbẹ̀. GVWR tó wà lórí rẹ̀ ni ìwọ̀n tí ọkọ̀ àti gbogbo ohun tó gbé ò gbọdọ̀ kọjá. GAWR, ìyẹn ìwọ̀n tí ẹrù orí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan ò gbọdọ̀ kọjá, wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ iwájú, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Tiwájú, èyí tí wọ́n kọ FRT tàbí FRONT sí lára, ni tiwa.

Ọ̀rẹ́ kan ló fi dandan lé e pé kí n kọ́kọ́ lọ wo temi. Iyọ̀ ojú ọ̀nà àti ẹrẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Mo fi itọ́ sí àtàǹpàkò, mo nù ún títí 3,900 fi yọjú. Mo wa ọkọ̀ lọ sórí ìwọ̀n tí àwọn onítírélà ń lò, mo gbé táyà iwájú méjèèjì lé e, mo fi tẹ̀yìn sílẹ̀. Epo kún táǹkì, èmi fúnra mi sì wà nídìí sítíárì. Ó ka 3,100. Ó ku 800. Plow tí ẹnì kan ń rọ̀ mí pé kí n wá rà lọ́wọ́ òun náà, 800 géérégé! Mo ní Ẹlẹ́dàá mi ò sùn. Mo rà á.

Ohun tí n kò rò ni pé plow kì í jókòó lé táyà lórí, ńṣe ló ń ta yọ síwájú rẹ̀. Ẹ gbé korobá tó kún fómi mọ́ àyà yín, lẹ́yìn náà kí ẹ na ọwọ́ yín gbọọrọ síwájú kí ẹ fi gbé korobá kan náà. Omi ò lé, ṣùgbọ́n èjìká yín á sọ fún yín pé nǹkan kan ti lé. Lára ọkọ̀ mi, láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12. Ibi tí plow wúwo sí wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4 síwájú táyà iwájú. Mẹ́rin nínú méjìlá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, nítorí náà ẹsẹ̀ iwájú máa ru 800 náà, á tún ru ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lé e. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,067. Ara ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni 267 tó lé yẹn ti wá: bí imú ọkọ̀ ṣe ń wálẹ̀ ni ìdí rẹ̀ ń fúyẹ́.

Àyè 800, ẹrù 1,067.

Kò fọ́ lọ́jọ́ náà, kò sì fọ́ lóṣù náà, ohun tó jẹ́ kí ìgbàgbọ́ yìí lágbára nìyẹn. Ọkọ̀ máa ń ní sùúrù. Imú rẹ̀ kàn kẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Tí mo bá bọ́ sí gegele, iwájú á dún gbì, bí ìgbà tí èèyàn bá ju òkúta sínú àpótí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan mo tẹ búrèékì ní oríta, mi ò tẹ̀ ẹ́ kíkan o, ìdí ọkọ̀ sì yí wá síwájú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó fẹ́ wo ẹni tó ń pè é. Táyà ẹ̀yìn ti fúyẹ́ jù, kò rí ilẹ̀ dì mú mọ́. Bẹ́ẹ̀ ìdí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tó ṣófo kì í wúwo tẹ́lẹ̀. Nígbà tí yìnyín fi máa yọ́ tán, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì méjèèjì, ìyẹn oríkèé tí táyà iwájú fi ń yí sọ́tùn-ún sósì, ti jẹ, táyà iwájú sì ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ohun tí wọ́n máa ń dábàá lẹ́yìn ìyẹn ni sípíríǹgì tó le jù, tàbí rọ́bà tí wọ́n ń fi tì í lẹ́yìn. Wọ́n á gbé imú ọkọ̀ sókè lóòótọ́, ojú á sì fara mọ́ ọn. Nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn ò ní tìtorí ẹ̀ yí padà. Búrèékì, bíáríǹgì, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, táyà, rímù, gbogbo wọn ni nọ́ńbà yẹn kó pọ̀, èyí tó bá sì rọ̀ jù nínú wọn ló ń pinnu rẹ̀. Sípíríǹgì tuntun kàn pa ẹnu ẹni tó ń ké "ẹrù ti pọ̀" ni.

Iyanrìn tiẹ̀ sàn ju sípíríǹgì lọ. Tí ẹ bá kó 400 pọ́n-ùn iyanrìn sẹ́yìn ọkọ̀, níbi tó fi ẹsẹ̀ bàtà 3 kọjá táyà ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á wúwo sí i ní 500, tiwájú á sì fúyẹ́ ní 100. Ọ̀pọ̀ plow ni ìwé rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé ẹrù gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn. Ẹnu ọ̀nà ìdí ọkọ̀ ni kí ẹ kó o sí o, kí ẹ sì dè é mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá tò ó ti ibi tí awakọ̀ jókòó ti fi sí iwájú táyà ẹ̀yìn, apá kan rẹ̀ á sì padà lọ tẹ ẹsẹ̀ iwájú tí a fẹ́ gbà sílẹ̀. Ní tèmi ṣá, 1,067 di 967. Mo ṣì fi 167 kọjá.

Ibi tó ti wá dùn rèé. Ẹni tó bá ra ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì nítorí pé ó ń fa ẹrù ju ti pẹtiróòlù lọ ti ra ẹ́ńjìnnì tó wúwo jù pẹ̀lú, ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn ni wọ́n sì máa ń fi ju ara wọn lọ. Orí ẹsẹ̀ iwájú ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí wọn ò bá gbé GAWR iwájú sókè tó láti gba ìyàtọ̀ náà, ọkọ̀ tó lágbára jù ló máa gbé plow tó kéré jù. Mo ti rí ọkùnrin méjì tó ń jiyàn lórí èyí títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì sẹ́ni tó lọ ṣí ilẹ̀kùn nínú wọn. Ilẹ̀kùn mẹ́rin àti àyè èèyàn mẹ́fà náà ń jẹ nínú àyè plow bákan náà. Nítorí ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fi ní ètò kan tí wọ́n ń tà fún ẹni tó mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé òun máa so plow: ẹsẹ̀ iwájú tó le sí i, àti alternator (ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀) tó tóbi nítorí iná tí pọ́ǹpù plow ń jẹ. VYU ni General Motors ń kọ sínú ìwé tirẹ̀. Tí ẹ bá ń ra tokunbọ̀, ẹ wá a.

Ó ku títóbi. Àlàyé tí mo máa ń gbọ́ ni pé bí plow bá ṣe fẹ̀ tó niṣẹ́ á ṣe yá tó. Àmọ́ plow kì í sábà ṣiṣẹ́ ní títọ́. Wọ́n máa ń yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní nǹkan bí dígírì 30 kí yìnyín lè máa ṣàn lọ, tó bá sì ti yí báyìí, kò fẹ̀ tó bó ṣe wà nínú ìwé mọ́. Ẹsẹ̀ bàtà 7 ààbọ̀ á di íǹṣì 78. Ẹsẹ̀ bàtà 8 á di íǹṣì 83. Íǹṣì 5 péré ni a ń tìtorí ẹ̀ wá irin tó lè fi igba pọ́n-ùn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wúwo ju èkejì. Fífẹ̀ ní ìwọ̀n tó gbọ́dọ̀ dé o, mi ò jiyàn. Ẹsẹ̀ bàtà 7 tó bá yí á di íǹṣì 73, táyà píkọ́ọ̀pù ńlá sì lè yọ síta kó máa tẹ yìnyín tí ẹ ò tíì gbá mọ́lẹ̀, ẹ ó wá máa fi ọwọ́ họ ọ́. Pé kí plow ṣì bo táyà méjèèjì nígbà tó bá yí, ìyẹn ló ṣe pàtàkì.

Ẹ wo ohun tí ọkọ̀ ń tì gan-an. Ojú ọ̀nà tó fẹ̀ ní mítà 2, tí yìnyín ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 lórí rẹ̀, tí ẹ tì fún 20 mítà láìjẹ́ kó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ tó sì gbẹ, nǹkan bí 600 kílò ló máa wà níwájú yín nígbà tí ẹ bá fi débẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tó ti mu omi, ó lè tó 1,800. Táyà mẹ́rin kan náà ló ń ti méjèèjì, lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Kó tó di pé agbára ẹ́ńjìnnì tán, táyà á ti máa yí lójú kan. Plow tó fẹ̀ jù kàn ń mú kí ọjọ́ yẹn tètè dé ni.

Òótọ́ kan wà níbẹ̀ ṣá o: plow tó wúwo máa ń họ ilẹ̀ dáadáa. Níbi tí ọkọ̀ ti tẹ yìnyín títí ó fi le bí òkúta, èyí tó fúyẹ́ lè máa fò kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbá ibi ìgbọ́kọ̀sí ńlá fún owó nílò irin tó wúwo, ọkọ̀ tó lè ru ú ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rà. Ẹni tó bá ń gbá iwájú ilé tirẹ̀ kí ọkọ̀ tó tẹ̀ ẹ́ ò nílò rẹ̀.

Ní ti ike àti irin, ẹ má ṣe rò pé ike ló máa fúyẹ́. Ike kì í dípẹtà, yìnyín sì máa ń yọ̀ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n egungun irin tí wọ́n ń tò sẹ́yìn rẹ̀ kó má baà tẹ̀ lè jẹ́ kó wúwo tó onírin, ó tiẹ̀ lè jù ú lọ. Nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀ ni kí ẹ bèèrè. Kí ẹ sì bèèrè bóyá ó ka irin ìdè mọ́ ọn, nítorí irin tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ ọkọ̀ máa ń wúwo lọ́tọ̀. Irin ìdè yẹn kan náà ni kò jẹ́ kí plow olówó pọ́ọ́kú máa jẹ́ olówó pọ́ọ́kú nígbà mìíràn: oríṣi ọkọ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é ni wọ́n fi ń ṣe é, wáyà iná rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Wẹ́dà tó bá ní òun á kàn jó o pọ̀ fún yín, ẹ kí i dáadáa kí ẹ máa lọ.

Nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e, mo ra ẹsẹ̀ bàtà 7 ààbọ̀ mìíràn tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 500 pọ́n-ùn. Mo kó iyanrìn mi sẹ́yìn, mo padà sórí ìwọ̀n àwọn onítírélà, mo gbé plow sókè, mo sì gbé táyà iwájú lé e. 3,670. Ẹlòmíràn ló ní èyí 800 báyìí, ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ tirẹ̀ lè ru ú. Kí n tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mo kà á.